Ojú Àwọ̀n àti Ìdẹ Ààyè: Ọ̀rọ̀ lórí Ẹja Pípa Ìgbà Ọyẹ́ ní Sangisa àti Agbóyì

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí koríko etí odò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, àgbẹ̀ a fi ọkọ́ ti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn tí ń gbé etí Odò Ògùn, láti Ìṣẹ́rì títí dé Sangisa, Kétu àti àwọn abúlé Agbóyì tí omi yí ká, a sì gbé àwọ̀n wọn sọ̀kalẹ̀ láti orí àjà. Omi ti fà. Ibi tí ó kún àkúnya ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá ti di ibi tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ là kọjá, ẹja tí ó ti fọ́n káàkiri inú igbó àti pápá sì ti padà sí ojú odò àti inú kòtò. Kò sí ìgbà nínú ọdún tí ẹja pípa rọrùn tó báyìí, kò sì sí ìgbà tí ó rọrùn tó báyìí láti ba odò jẹ́. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ àwọ̀n àti ìdẹ fi yẹ ní sísọ kí oṣù Kejìlá tó wọlé, nígbà tí owó ìkórè ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ ra àwọ̀n titun.

Nínú omi tí ó ti fà báyìí, àwọn kan ń ju àwọ̀n tí ojú rẹ̀ há tó bẹ́ẹ̀ tí ìka ọmọdé kò lè kọjá nínú rẹ̀. Àwọn kan ń da oògùn olóró sínú omi. Àwọn mìíràn, tí wọn kò pọ̀ mọ́, ń lo àwọ̀n tí ojú rẹ̀ fẹ̀ àti ìwọ̀ tí a fi ìdẹ ààyè sí. Iṣẹ́ àwọn ìkẹyìn wọ̀nyí nìkan ni ó yẹ ní pípè ní iṣẹ́ apẹja. Ti àwọn àkọ́kọ́ jẹ́ olè jíjà lọ́wọ́ ọmọ ara ẹni, ti àwọn tí ń da oògùn sì jẹ́ ìpànìyàn tí ọwọ́ kò tíì tẹ̀.

Ó yẹ kí ẹni tí ń ra àwọ̀n kọ́kọ́ mọ omi tí yóò jù ú sí. Odò Ògùn kò wọ inú òkun tààrà. Inú Ọ̀sà Èkó ni ó ń tú sí, ní ìhà ibi tí àwọn ọ̀nà omi Agbóyì wà. Ọ̀sà yìí tẹ́ lọ rẹrẹ, ṣùgbọ́n kò jìn: yàtọ̀ sí ibi tí a ti fi ẹ̀rọ gbẹ́ fún ọkọ̀ tàbí fún yanrìn, jíjìn rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi kò ju bí mítà 1 àti ààbọ̀ lọ, èyí tí kò lè bo àgbàlagbà lórí. Ní ìgbà òjò, omi aládùn láti inú àwọn odò a pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀sà fi fẹ́rẹ̀ má ní iyọ̀ mọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a gba ẹnu èbúté Èkó wọlé padà, ọ̀sà a sì di oníyọ̀. Ẹja tí kò fẹ́ iyọ̀ a gòkè lọ sínú odò, ẹja tí ó fẹ́ iyọ̀ a sì wọlé. Omi náà a mọ́ ju ti ìgbà òjò lọ, nítorí pé ẹrẹ̀ tí àgbàrá ń gbé wá ti dínkù. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó mọ ojú omi dáadáa ní oṣù Kẹfà fi lè di àlejò níbẹ̀ ní oṣù Kìíní. Ewéko olódòdó àlùkò tí ń léfòó, èyí tí a kọ́kọ́ rí ní ọ̀nà omi Àgbádárìgì ní 1984, tí ó sì ń dí ọ̀nà ọkọ̀ mọ́ àwọn ará Agbóyì lọ́wọ́, kò fẹ́ iyọ̀ pẹ̀lú. Omi ẹ̀ẹ̀rùn a máa pa á, ṣùgbọ́n òjò àkọ́rọ̀ a tún máa mú òmíràn wá.

Ìsédò Ọ̀yán, tí a parí ní 1983 ní ìhà Abẹ́òkúta, ti fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un. Láti ìgbà náà, kì í ṣe òjò nìkan ni ó ń pàṣẹ bí Odò Ògùn yóò ti kún tó. Bí àwọn alákòóso ìsédò bá tú omi sílẹ̀, àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú, Agílítí àti Kétu ni yóò rí i nínú yàrá wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2010. Apẹja a máa yọ̀ sí ìkún omi, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹja ń bímọ nínú rẹ̀. Ẹni tí àga àti ibùsùn rẹ̀ ń léfòó kì í yọ̀.

Nínú ohun tí àwọ̀n ń mú ní ọ̀sà yìí, ẹpìyà ni ó wọ́pọ̀ jù, ìwà rẹ̀ sì yẹ kí gbogbo apẹja mọ̀. Ẹpìyà tí àgbọ̀n rẹ̀ dúdú, èyí tí í ṣe ọmọ ìbílẹ̀ ọ̀sà, kì í fi ẹyin rẹ̀ sílẹ̀ fún omi. Bí abo bá ti yé ẹyin sínú ihò kékeré tí wọ́n gbẹ́ sí ilẹ̀ omi, akọ a kó ẹyin náà sí ẹnu. Bàbá ni ó ń gbé ọmọ. Yóò gbé wọn fún bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kò sì ní lè jẹun bí ó ti yẹ títí ẹyin yóò fi pa, tí àwọn ọmọ yóò sì lè lúwẹ̀ẹ́ fúnra wọn. Nínú ẹpìyà odò Náílì, tí àwọn olùsìn ẹja ń tọ́ nínú adágún àtọwọ́dá, abo ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí àwọ̀n bá bo irú ẹja bẹ́ẹ̀, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń ṣe nínú ìbẹ̀rù ni kí ó tu ohun tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀. Apẹja tí ó ti rí ẹyin wẹ́wẹ́ tí ó dà sórí pákó ọkọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ẹja kan ṣoṣo ni òun mú. Kí ó dá irú èyí padà sínú omi kíá, àti òun àti ohun tí ó tu sílẹ̀. Òfin Mósè, nínú Ìwé Deutarónómì orí 22, kò fàyè gbà á pé kí ènìyàn kó ìyá ẹyẹ pọ̀ mọ́ ọmọ rẹ̀ nínú ìtẹ́ kan náà. Kò sí ẹni tí ó rò pé Mósè fẹ́ràn ẹyẹ ju Ísírẹ́lì lọ. Ìtẹ́ ọdún tí ń bọ̀ ni ó ń ṣọ́ fún wọn.

Ó kan ọ̀rọ̀ àwọ̀n gan-an. Àwọ̀n tí a ń jù rí roboto bí agboòrùn tí a ṣí: okùn wà ní àárín rẹ̀, òjé sì yí etí rẹ̀ ká. Bí apẹja bá jù ú dáadáa, yóò tẹ́ sórí omi bí ẹní, òjé yóò fà á sọ̀kalẹ̀, etí rẹ̀ yóò sì pa dé mọ́ ẹja bí a ti ń fa okùn. Ohun tí ń pẹja nínú iṣẹ́ yìí ni yíyára, nítorí ẹja kì í dúró kí a wá bo òun. Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ há ń gbá omi mú bí aṣọ, díẹ̀díẹ̀ ni ó sì ń rọ̀ sílẹ̀. Èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ń jẹ́ kí omi kọjá, ó sì ń rì bí òkúta. Nítorí náà, àwọn tí ń wí pé ojú híhá ní í mú ẹja púpọ̀ kò sọ ju ìdajì òtítọ́ lọ. Ọmọ ẹja ni ó ń mú púpọ̀. Àwọn ńlá tí ara wọn yá ti sá lọ kí etí àwọ̀n tó kan ilẹ̀. Ìwé Ìhìn Rere ti Jòhánù, nígbà tí ó ń sọ ti ẹja 153 tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn fà gúnlẹ̀, kò gbàgbé láti sọ pé ẹja ńlá ni wọ́n. Apẹja ni ó ń bá apẹja sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Wíwọ̀n ojú àwọ̀n kò ní àdììtú nínú. Kí a mú ojú kan, kí a fà á láti kókó dé kókó títí yóò fi gùn gbọọrọ, kí a wá fi rúlà wọ̀n ọ́n. Àwọn oníṣòwò kan a máa sọ ìwọ̀n ẹ̀gbẹ́ kan nínú ojú àwọ̀n, àwọn mìíràn a máa sọ ìwọ̀n ojú tí a nà, èkejì sì jẹ́ ìlọ́po méjì èkíní. Ẹni tí ó gbọ́ ínṣì 1, tí ó rò pé ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń sọ, lè délé kí ó rí i pé ojú tí òun rà fi ìdajì kéré sí èyí tí òun fẹ́. Fún ẹpìyà àti ọ̀bọ̀kún, ojú tí kò dín ní ínṣì 2 nígbà tí a bá nà án ni ó tọ́, ínṣì 2 àti ààbọ̀ sì sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti edé yàtọ̀, nítorí edé kì í dàgbà tó ẹpìyà, kò sì sí bí ojú fífẹ̀ yóò ṣe dá a dúró. Kí ẹni tí ń wá edé lo ìgèrè tàbí àwọ̀n edé ní ibi tí edé wà. Kí ó má ṣe gbé àwọ̀n edé lọ sí ibi tí ẹpìyà ti ń tọ́ ọmọ, kí ó sì máa pe ara rẹ̀ ní apẹja edé. Irọ́ yìí ti pọ̀ jù lẹ́nu àwọn ènìyàn.

Láyé àtijọ́, òwú ni a fi ń hun àwọ̀n, a sì ní láti máa sá a nígbà gbogbo kí ó má bàa jẹrà. Ní 1935 ni Wallace Carothers, ní ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ ṣe náílọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ó tàn dé ọwọ́ àwọn apẹja ní ilẹ̀ gbogbo. Kì í jẹrà nínú omi. Èyí ni ìyìn rẹ̀, òun náà sì ni ẹ̀gàn rẹ̀, nítorí pé àwọ̀n òwú tí ó há sí kùkùté yóò kú, ṣùgbọ́n àwọ̀n náílọ́ọ̀nù tí ó há síbẹ̀ yóò máa pẹja lọ láìsí ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Ẹni tí àwọ̀n rẹ̀ bá há, kí ó sọ̀kalẹ̀ tú u, bí omi kò bá jìn. Èyí tí ó jẹ́ fọ́nrán kan ṣoṣo, tí ó mọ́ bí gíláàsì, dára nínú omi ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹja ti ń ríran jìnnà, ó sì ń yára rì. Ṣùgbọ́n ó le lọ́wọ́, àtúnṣe rẹ̀ sì ṣòro ju ti oní-fọ́nrán púpọ̀ tí a lọ́ pọ̀ lọ. Oòrùn ni ọ̀tá àwọn méjèèjì. Kí a fi omi aládùn fọ iyọ̀ kúrò lára wọn, kí a sì fi wọ́n kọ́ sí abẹ́ ìbòòji.

Ìbú àwọ̀n kò gbọdọ̀ ju agbára ẹni tí yóò jù ú lọ. Fún ẹni tí ń kọ́ṣẹ́, àwọ̀n tí gígùn rẹ̀ láti àárín dé etí bá gíga ara rẹ̀ mu ti tó. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin a máa fẹ́ ra èyí tí ó tóbi jù kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lè rí i, ṣùgbọ́n àwọ̀n ńlá nínú ọkọ̀ kékeré lè fa ẹni tí ó jù ú sínú omi, pàápàá ní òwúrọ̀ ọyẹ́ nígbà tí ìkùukùu kò jẹ́ kí àwọn ọkọ̀ tí ń gbé yanrìn rí ẹnikẹ́ni.

Ọ̀ràn ìlera kan wà nínú òjé. Ọ̀pọ̀ apẹja ni ó ń fi eyín di etí àwọ̀n mú kí wọ́n tó jù ú, òjé a sì máa kan ẹnu wọn lójoojúmọ́. Òjé kì í yára pani, inú ẹ̀jẹ̀ àti egungun ni ó ń sá pamọ́ sí, àwọn ọmọdé ni ó sì ń ṣe ní ibi jù: inú rírun, ara tí kò le, ọpọlọ tí kò jí sí ẹ̀kọ́, àti gìrì. Ní 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, ọgọ́ọ̀rọ̀ọ̀rún àwọn ọmọdé ni ó kú nítorí eruku òjé tí àwọn òbí wọn ń gbé wálé níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni yọ́ òjé inú bátìrì ọkọ̀ lórí ààrò tí a fi ń se oúnjẹ, tàbí ní àgbàlá tí ọmọdé ti ń ṣeré. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ máa ju àwọ̀n láìfi eyín dì í lè kọ́ bí a ti ń gbé e lé igbápá àti èjìká. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń jù ú jìnnà bí ti àwọn yòókù.

Ẹni tí kò ní owó àwọ̀n titun, ìwọ̀ kò kọ̀ ọ́. Ìwọ̀ ńlá kì í wọ ẹnu kékeré. Èyí nìkan ti sọ ọ́ di ohun èlò òdodo ju àwọ̀n lọ. Ìdẹ ààyè borí òkú ìdẹ nítorí pé ó ń mì, nínú omi tí ó mọ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn, mímì yìí ni ẹja ń rí láti òkèèrè. Ekòló ni ó rọrùn jù láti rí, àní nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, bí ènìyàn bá wú ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó wà lẹ́bàá balùwẹ̀. Kí a kó wọn sínú igbá pẹ̀lú ilẹ̀ tútù àti ewé, kí a sì gbé e sí ibi tí oòrùn kò dé; bí ilẹ̀ náà bá gbẹ tàbí bí ó bá di ẹrẹ̀, wọn yóò kú. Ìrẹ̀ náà dára. Edé ààyè dára jù fún àwọn ẹja tí ń jẹ ẹja ẹlẹgbẹ́ wọn: kí a fi ìwọ̀ gún un ní ìhà ìrù, kí a má ṣe gún un lórí, kí ó lè pẹ́ láàyè, kí a sì tọ́jú àwọn tí a kò tíì lò sínú agbọ̀n tí ìdajì rẹ̀ wà nínú omi. Ọ̀bọ̀kún àti àrọ̀ ń fi irùngbọ̀n wọn wá oúnjẹ ní òkùnkùn, nítorí náà kí a dẹ okùn ìwọ̀ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí a sì lọ wò ó kí oòrùn tó mú. Ti ẹpìyà yàtọ̀: òwúrọ̀ títutù kì í jẹ́ kí ó jẹun dáadáa, ó di ìgbà tí oòrùn bá yọ́ omi díẹ̀. Àwọn apẹja kan wà tí ń fi ègé ọṣẹ sí ìwọ̀ dípò ìdẹ, ẹja a sì gbé e mì. Èyí kò kọjá ohun ìyanu, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹ ẹja náà ni ó yẹ kí a bi léèrè.

Àṣìṣe kan wà tí àwọn olóhun ìdẹ ààyè fúnra wọn ń ṣe. Wọn a fi àwọ̀n olójú híhá kó ọgọ́rùn-ún ọmọ ẹpìyà tàbí ọmọ ọ̀bọ̀kún láti fi ṣe ìdẹ, kí wọ́n lè rí ẹja ńlá mẹ́wàá mú. Ìṣirò yìí kò tọ́ lọ́nà kan. Ekòló àti ìrẹ̀ kò lè tán nínú oko.

Nípa oògùn olóró, ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ gùn. Gamalin 20, tí a ṣe fún kòkòrò orí igi kòkó, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti dà sínú odò ní ilẹ̀ yìí láti fi pa ẹja. Líńdéènì ni orúkọ oró tí ó wà nínú rẹ̀. Ní 2009, ó wọ inú àwọn oró tí Àdéhùn Stockholm ní kí gbogbo ayé dẹ́kun lílò. Ó ń pa ẹja ńlá, ó ń pa ọmọ, ó ń pa ẹyin, ó ń pa edé tí í ṣe oúnjẹ wọn, ó sì ń wà nínú ẹran ẹja títí dé inú abọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹja inú odò àti ọ̀sà, ti 1992, kò fàyè gbà á. Àgbẹ̀ tí ó mọ ẹni tí ń ta á fún àwọn apẹja, tí ó sì ń bá a jókòó nínú ìjọ kan náà ní ọjọ́ Ìsinmi, ní ohun tí yóò bá a sọ.

Àwọn kan yóò dáhùn pé kì í ṣe àwọ̀n ni ó pa ẹja tán. Wọn yóò tọ́ka sí Odò Ìyá Aláró tí ń gbé ìdọ̀tí àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà wá, sí pàǹtírí ọjà Mile 12 tí òjò ń gbá sínú odò, àti sí àwọn ẹ̀rọ tí ń fa yanrìn láti abẹ́ ọ̀sà tọ̀sán-tòru, tí ń ba ihò tí ẹpìyà ń yé sí jẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ó sì yẹ kí ìjọba gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í da epo sí i nítorí pé òun kọ́ ni ó kọ́kọ́ dáná. Ìdáhùn kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ: pé bàbá tí ó ní ọmọ mẹ́fà, tí owó ilé ẹ̀kọ́ dé bá, kò lè ju ẹja tí ó ti mú padà sínú omi. Kò yẹ kí ẹni tí ó yó bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wí. Ohun tí ó yẹ ni kí àwọn apẹja ní ẹgbẹ́ àjọ tí yóò ràn án lọ́wọ́ láti pààrọ̀ àwọ̀n rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò nìkan lo ojú fífẹ̀ bí aládùúgbò rẹ̀ bá ń fi ojú híhá kó ohun tí òun fi sílẹ̀.

Ìṣọ̀kan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a kò rí rí. Ní Argungu, ní Ìpínlẹ̀ Kebbi, láti 1934 ni a ti ń ṣe ọdún ẹja pípa. A ń dáàbò bo omi Matan Fada títí ọjọ́ náà yóò fi pé, lẹ́yìn náà ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin yóò wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀n ọwọ́ àti akèrègbè nìkan. Ní 2016 ni UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ogún ìṣẹ̀ǹbáyé aráyé. Ní Adágún Nokoué ní ilẹ̀ Benin, àwọn ará Ganvié ń ri ẹ̀ka igi mọ́ inú omi kí ẹja lè máa gbé inú rẹ̀, kí wọ́n tó yí i ká láti kó o; àwọn Ègùn mú iṣẹ́ yìí wá sí Ọ̀sà Èkó pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjà lórí ẹni tí ó ni omi kì í wọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Ní Agbóyì, kò béèrè ju kí àwọn baálẹ̀ àti àwọn olórí apẹja yan ẹ̀ka omi kan ṣoṣo, kí wọ́n sì sé e mọ́ fún gbogbo àwọ̀n láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀ títí omi yóò fi fà. Ilé ìjọsìn lè kéde rẹ̀ láti orí pẹpẹ, mọ́ṣáláṣí náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ẹja kì í bèèrè ẹ̀sìn.

Ó ku àwọn tí ń rà. Àwọ̀n ojú híhá kì bá tí pẹ́ lọ́jà bí kò bá sí ẹni tí ń ra ọmọ ẹpìyà gbígbẹ ní òkìtì-òkìtì. Bí àwọn obìnrin tí ń dúró de ọkọ̀ apẹja ní etí omi Kétu bá fi ẹnu kò, tí wọ́n sì kọ̀ láti ra ẹja tí kò gùn tó àtẹ́lẹwọ́ fún oṣù kan péré, àwọn tí ń ta àwọ̀n yóò ti gbọ́ kí oṣù náà tó parí.